Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn fún Ìrora Iṣan: Ohun tí Mo Rí Lára Rẹ̀

Ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí oògùn tí mo ń lò lálaalẹ́ fi ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣáájú nínú àwọn àìsàn tí wọ́n ń lo oògùn náà fún. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò sì ṣe mí. Ẹsẹ̀ ni ó ń dùn mí, ẹsẹ̀ méjèèjì, láti orí ìka títí dé ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé àtọ̀gbẹ tí mo ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́ ti ba àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó wà níbẹ̀ jẹ́. Amitriptyline ni orúkọ oògùn náà. Àwọn tí ó bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì rí i lọ́wọ́ mi, máa ń wò mí lẹ́ẹ̀kejì, àwọn mìíràn á sì rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè bóyá nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Nítorí ìbéèrè yẹn, àti nítorí àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún tí wọ́n sì gbé e tì láìfẹnu kàn án, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń wá nínú ìtọ́jú ìrora ẹsẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Ìrora iṣan ìmọ̀lára, tí wọ́n ń pè ní nerve pain lédè Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí ìrora ọgbẹ́. Bí ènìyàn bá fara pa, iṣan ìmọ̀lára ni yóò jẹ́ iṣẹ́ fún ọpọlọ pé ewu wà níbi báyìí, bí ọgbẹ́ náà bá sì ti jinná, iṣẹ́ náà dópin. Nínú ìrora iṣan, iṣan tí ń jẹ́ iṣẹ́ gan-an ni ó bàjẹ́, ó sì lè máa rán ìrora sí ọpọlọ nígbà tí kò sí ọgbẹ́, tí ohunkóhun kò kan ara, tí ẹni náà jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣèwádìí nípa ìrora, ìyẹn IASP, pè é ní ìrora tí ìpalára tàbí àrùn tí ó kọlu ètò ìmọ̀lára ara fúnra rẹ̀ fà. Àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí. Shingles, ìyẹn àrùn kan tí ó máa ń sú jáde lára awọ, tí kòkòrò àrùn kan náà tí ó ń fa chickenpox ń fà, lè fi ìrora sílẹ̀ lẹ́yìn tí awọ ara bá ti jinná tán; kòkòrò HIV, ẹ̀tẹ̀, ọtí àmujù, àìtó fítámì B12, àti àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ náà lè ba iṣan jẹ́. Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa jẹ̀rora ní ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bí ó ṣe ń rí lára ni ó máa ń ṣòro jù láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò ní i. Ó ń jó, ó ń ta, ó sì ń gún, nígbà mìíràn ó sì máa ń ta gìrì láti àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú egungun bí ẹni pé iná mànàmáná gbá a. Ibi kan náà lè kú tipiri tí n kò fi ní mọ̀ bí mo bá tẹ nǹkan mímú, síbẹ̀ kí ó máa jó mi. Aṣọ ìbora, tí kò wúwo rárá, lè di ohun tí ènìyàn kò lè fara dà bí ó bá ti kan ìka ẹsẹ̀. Òru ni ó sì máa ń le jù, nítorí náà oorun ni ohun àkọ́kọ́ tí ìrora yìí ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Àwọn oògùn ara ríro tí gbogbo ayé mọ̀, bíi paracetamol àti ibuprofen, kì í sábà ran irú ìrora yìí lọ́wọ́. Ibuprofen ń ṣiṣẹ́ lórí èròjà tí ara ń tú jáde nígbà tí ibì kan bá wú tàbí tí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wú ní ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí ó bá ń pọ̀ wọ́n sí i nítorí pé wọn kò ṣiṣẹ́ yóò kàn máa fi ikùn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wewu ni, àwa tí a sì ní àtọ̀gbẹ kò ní kíndìnrín tí a lè fi ṣeré.

Nígbà tí dókítà bá wá sọ pé òun fẹ́ kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó yé mi ìdí tí inú fi ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ìrora iṣan ń bá jà kò ní ọgbẹ́ tí yóò fi han ẹnikẹ́ni, fọ́tò tí wọ́n bá yà kì í fi nǹkan kan hàn, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé ti máa wò ó bí ẹni tí ń ṣàṣejù. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba oògùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó lè gbà á bí ìdájọ́ pé inú orí rẹ̀ ni ìrora náà wà. Èrò mi ni pé dókítà tí ó bá kọ oògùn náà láì kọ́kọ́ jókòó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ péré. Dókítà tèmi ṣàlàyé kí ó tó fọwọ́ kan ìwé, mo sì tún lọ kà sí i fúnra mi. Ohun tí mo rí kà kò jọ ìdájọ́ rárá.

Ní àwọn ọdún 1950, Roland Kuhn, dókítà àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Münsterlingen ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ń dán oògùn kan tí wọ́n wá ń pè ní imipramine wò lára àwọn tí wọ́n ní àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Kò ṣe wọ́n láǹfààní tí wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ara àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ń yá, ó sì gbé ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1957. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1960, tí àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé fi kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lo imipramine yìí kan náà fún àwọn tí ìrora ń dà láàmú. Ní 1961 ni amitriptyline bọ́ sí ọjà ní Amẹ́ríkà. Èyí já sí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń rí i pé àwọn oògùn yìí ń ṣe ohun méjì, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìlò tuntun fún oògùn àtijọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí.

Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ìrora náà ń lọ nítorí pé inú aláìsàn ń dùn sí i. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, àwọn olùwádìí náà sì bi ara wọn. Ní 1982, Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fún àwọn ènìyàn 24 tí shingles ti fi ìrora sílẹ̀ fún ní amitriptyline ní àsìkò kan, wọ́n sì fún wọn ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú ní àsìkò mìíràn, láì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń lò. Àwọn 16 nínú wọn rí ìtura tí ó dára gidi nígbà tí wọ́n lo amitriptyline, nínú ọ̀pọ̀ wọn ni ìtura náà sì dé láìsí pé bí ọkàn wọn ṣe rí yí padà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Mitchell Max àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ara àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà. Ìwádìí yìí ni mo máa ń tọ́ka sí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jiyàn, nítorí pé àwọn tí àìsàn wọn jọ tèmi ni wọ́n lò fún un.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó wú mi lórí jù. Iṣẹ́ tí iṣan ẹsẹ̀ ń rán kì í lọ tààrà sí ọpọlọ. Ó ní láti kọ́kọ́ dúró nínú okùn iṣan tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí iṣan kan ti ń gbé e lé iṣan mìíràn lọ́wọ́. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall dá a lábàá pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí ilẹ̀kùn, tí ó lè ṣí sílẹ̀ gbayawu kí ìrora lè rọ́ kọjá, tí a sì lè tì díẹ̀ kí ó lè dín kù. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni àwọn tí ó wá lẹ́yìn wọn ti tún ṣe nínú àlàyé náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tíì yẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni àwọn iṣan kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn láti dín iṣẹ́ ìrora kù, èròjà méjì pàtàkì tí wọ́n sì ń lò fún iṣẹ́ náà ni noradrenaline àti serotonin. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó fara pa nínú ìjàǹbá lè sá àsálà kí ó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti dá.

Lẹ́yìn tí iṣan bá ti tú àwọn èròjà wọ̀nyí jáde, ó máa ń fà wọ́n padà sínú ara rẹ̀ kíákíá. Oògùn bíi amitriptyline ń dènà fífà padà yìí, kí èròjà náà lè pẹ́ sí i níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọpọlọ, irú iṣẹ́ yìí ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ń fi kún agbára tí ara fúnra rẹ̀ ní láti dín ìrora kù. Noradrenaline sì ni ó jọ pé ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ìrora. A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 1992, nígbà tí Max àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn mẹ́ta wéra lára àwọn alátọ̀gbẹ. Amitriptyline àti desipramine, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí noradrenaline, dín ìrora kù, ṣùgbọ́n fluoxetine, tí serotonin nìkan ni ó dojú kọ, kò sàn ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Gbajúmọ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni fluoxetine. Bí ó bá jẹ́ pé mímú inú aláìsàn dùn ni gbogbo ohun tí àwọn oògùn yìí ń ṣe fún ìrora, ó yẹ kí fluoxetine náà ṣe é.

Amitriptyline tún ń ṣe ohun mìíràn: ó ń dí àwọn ojú ihò tí èròjà sodium ń gbà wọ inú iṣan, èyí tí ó ń dín bí iṣan tí ó ti bàjẹ́ ṣe ń ta kù. Oògùn kan ṣoṣo, iṣẹ́ púpọ̀. Ìdí kan náà ni wàhálà tí ó ń bá wá fi pọ̀.

Oògùn tí a lè rí nínú ìdílé yìí kò ju díẹ̀ lọ. Nortriptyline ni ara máa ń yí apá kan amitriptyline sí, àwọn dókítà kan sì fẹ́ràn láti fún àgbàlagbà ní òun nítorí pé kì í sábà kùn ún lóorun tó amitriptyline. Duloxetine dé lẹ́yìn wọn. Ní 2004 ni FDA, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ní ọdún kan náà sì ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ìrora iṣan tí àtọ̀gbẹ fà. Venlafaxine náà wà. Ìlànà tí NICE, àjọ tí ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn nípa ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2013 ka amitriptyline àti duloxetine mọ́ àwọn oògùn mẹ́rin tí dókítà lè fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrora iṣan, àwọn méjì yòókù sì ni gabapentin àti pregabalin, tí wọn kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bí kò ṣe oògùn tí wọ́n tún ń lò fún wárápá. Ìrora ojú tí wọ́n ń pè ní trigeminal neuralgia ní oògùn tirẹ̀, ìyẹn carbamazepine, nítorí náà kí ẹni tí ojú ń dùn má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi wọn tirẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé ìrètí tí ó pọ̀ jù ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn ju oògùn náà nù. Ní 2015, Nanna Finnerup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n sì ṣírò pé bí ènìyàn bíi mẹ́rin bá lo oògùn irú amitriptyline, ẹnì kan nínú wọn ni yóò rí ìtura tó ìdajì ìrora rẹ̀ tí kì bá tí rí i bí ó bá jẹ́ hóró lásán ni ó lò. Ní ti duloxetine àti irú rẹ̀, ènìyàn bíi mẹ́fà ni. Wọ́n sì kìlọ̀ nípa bí àwọn ìwádìí kan ṣe kéré, nítorí pé ìwádìí kékeré sábà máa ń jẹ́ kí oògùn dà bí ẹni pé ó dára ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kò tó nǹkan. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Gabapentin àti pregabalin kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣírò kan náà, ẹni tí ìkan kò bá sì ràn lọ́wọ́ lè rí ìtura lára òmíràn.

Ìwádìí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tèmi jù jáde ní 2022. Solomon Tesfaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn alátọ̀gbẹ 130 jọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí wọ́n fi amitriptyline bẹ̀rẹ̀, tàbí duloxetine, tàbí pregabalin, kí wọ́n sì fi oògùn kejì kún un bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó. Lórí òṣùwọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé mẹ́wàá, ìrora wọn lọ láti 6.6 sí 3.3 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, bákan náà ni ó sì rí ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àwọn tí oògùn kan kò tó fún, àfikún oògùn kejì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kò sídìí fún ìjà lórí èyí tí ó dára jù. Àìsàn mìíràn tí ènìyàn ní, oògùn mìíràn tí ó ń lò, àti wàhálà tí ó lè fara dà ni ó yẹ kí a fi yan oògùn.

Ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wọ́n sábà máa ń fi mílígíráàmù 10 tàbí 25 bẹ̀rẹ̀ amitriptyline lálẹ́, wọ́n á sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn títí tí ìtura yóò fi dé tàbí tí ara kò fi ní lè gbà á mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọjá 75 fún ìrora. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, 75 ni ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí ìwọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àìsàn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó sì sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n tí ó tó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má tó fún ọkàn rẹ̀. Ní ti duloxetine, wọ́n lè fi 30 bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé 60. Ó sì yẹ kí a gbé hóró rẹ̀ mì lódindi, kí a má ṣe tú u.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń lò nígbà tí ẹsẹ̀ bá dùn ún, tí yóò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá rọ̀. Ojoojúmọ́ ni. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni pé kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí ó kéré tán méjì nínú rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n tí ó ga jù tí ara ẹni náà lè gbà, kí a tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ó sì mú àsìkò yìí le ni pé wàhálà oògùn ni ó kọ́kọ́ ń dé, ìtura ni ó ń kẹ́yìn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ni ẹnu mi ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé mo lo nǹkan kan. Oorun ni ó kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé aṣọ ìbora kò yọ mí lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, jíjó àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó pẹ́ jù kí ó tó rọ̀. Kò sì tíì lọ tán. Lórí òṣùwọ̀n òdo dé mẹ́wàá yẹn, ìrora tí ó máa ń wà ní méje tàbí mẹ́jọ lóru ti sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ alẹ́, mo sì lè sùn lórí mẹ́rin.

Mo ń kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní alaalẹ́ kí n tó sùn, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ìrora tí ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ń dín kù; alẹ́ burúkú kan péré sì tó láti mú ènìyàn gbàgbé ọ̀sẹ̀ kan tí ó dára.

Ní ti wàhálà rẹ̀, ẹnu gbígbẹ, ìtòògbé àti àìlèyàgbẹ́ dáadáa ni ó wọ́pọ̀ jù nínú amitriptyline. Omi mímu nígbà gbogbo àti fífọ eyín dáadáa ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹnu tí kò ní itọ́ ń jẹ́ kí eyín tètè jẹrà. Ìtòògbé òwúrọ̀ ni ó yọ mí lẹ́nu jù, títí dókítà fi ní kí n máa lò ó ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú àkókò tí mo fẹ́ sùn dípò kí n lò ó nígbà tí mo bá ti wà lórí ibùsùn. Kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀ títí yóò fi mọ bí oògùn náà ṣe ń ṣe é, kí ó sì jìnnà sí ọtí. Ó lè mú kí ènìyàn sanra, èyí tí kò dára fún alátọ̀gbẹ rárá, nítorí náà mo ń fojú sí ìwọ̀n ara mi. Tí ènìyàn bá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra láti fún àgbàlagbà kí ó má baà ṣubú. Duloxetine ní tirẹ̀ sábà máa ń mú èébì gbéni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń mú ara làágùn, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Àwọn ewu kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Amitriptyline lè yí bí ọkàn ṣe ń lù padà, nítorí náà ẹni tí ó bá ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, dókítà sì lè ní kí ó ṣe àyẹ̀wò ECG, tí ó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní irú àrùn ojú kan tí wọ́n ń pè ní glaucoma, àti ọkùnrin tí prostate rẹ̀, ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ti wú tí ìtọ̀ kì í jáde dáadáa, gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Lílo òun tàbí duloxetine pọ̀ mọ́ tramadol lè jẹ́ kí serotonin pọ̀ jù nínú ara, kí ara máa gbọ̀n, kí ó gbóná, kí ọkàn sì dàrú. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí ìrora ń bá jà ni ó ti ní tramadol nínú ilé láì jẹ́ pé dókítà kan náà ni ó kọ ọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apoògùn, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín àti àgbo. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25 nílò àmójútó ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ wà pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè mú kí èrò àti pa ara ẹni pọ̀ sí i láàárín wọn. Amitriptyline tí ó bá pọ̀ jù lè pa ènìyàn, hóró díẹ̀ sì lè pa ọmọdé. Inú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni tèmi wà.

Oògùn náà kò sì tún iṣan ṣe. Ìrora dín kù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó kú tipiri ṣì kú síbẹ̀, ṣúgà tí kò bá sì sí ní ìkáwọ́ yóò máa ba iṣan jẹ́ lọ lábẹ́ ìtura tí oògùn fúnni. Nítorí náà mo ṣì ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò lójoojúmọ́, nítorí ọgbẹ́ tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá títí ayé ni. Kì í ṣe dandan. Kì í ṣe oògùn tí ó ń mú kí ènìyàn máa wá a kiri tàbí kí ó máa fẹ́ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara ti mọ̀ ọ́n lára, bí a bá sì jáwọ́ lójijì, òòyì, orí fífọ́, àìsùn àti ìbínú lè tẹ̀ lé e. Ní ti duloxetine àti venlafaxine, àwọn ènìyàn tún ń sọ pé nǹkan ń ta gìrì nínú orí wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó kéré tán. Mílígíráàmù 50 ni mo wà báyìí. Èmi àti dókítà mi ti fẹnu kò pé bí ìrora náà bá dúró sí ibi tí ó wà títí di ìgbà tí a ó tún ríra, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 40, kí a wo ohun tí nọ́ńbà alẹ́ yóò sọ. Bí ó bá gòkè, n ó padà sí 50, bí kò bá gòkè, a ó gbìyànjú 30.